Ahá Ẹ̀tù Kan, Ahá Ọta Kan: Ìmọ̀ Tó Wà Nínú Ìbọn Tí A Ń Ki Lẹ́nu

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ ọdẹ ní ìlú Ìwó

   

Àwọn ọdẹ ti júbà Ògún kí n tó dìde. Àwọn aláfáà ti ṣe bísímílà, àwọn onígbàgbọ́ náà ti ṣe àmín. Ó wá ku èmi tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìbọn, lójú àwọn tí wọ́n ti ń yìnbọn kí wọ́n tó bí mi. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fi ojú ọmọ wò mí.

Àkòrí tí mo mú ni ìwọ̀n. Èló ni ẹ̀tù, èló ni ọta, báwo ni ẹran ṣe jìnnà tó. Mo fẹ́ fi hàn pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ohun tí àwọn baba wa ń ṣe pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ẹni tó bá gé ìbọn yìí kúrú, tó sọ ọ́ di ìléwọ́, ti pa gbogbo ìmọ̀ yẹn run, kò sì rí nǹkan kan gbà dípò rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Ìbọn kì í ṣe ohun tí a bá nílé. Nígbà tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àdá àgédéńgbé ni àwọn Òwu gbójú lé. Àwọn Ìjẹ̀bú, ọ̀tá wọn, tí wọ́n ń bá òyìnbó etí òkun ṣòwò, ló gbé ìbọn dé. Akin ni àwọn Òwu, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àdá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá kó tó ṣá a, ọta ìbọn kò ní láti dúró dìgbà yẹn. Láti ìgbà náà ni ogun jíjà nílẹ̀ Yorùbá ti yí padà.

Ibo ni wọ́n ti ń rọ àwọn ìbọn náà? Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù náà sì rọ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Inikori, onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà, ṣírò pé láàárín ọdún 1750 sí 1807, ìbọn tí wọ́n ń kó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín ẹgbẹ̀rún lọ́nà 283 sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 394. Ẹ rántí pé àsìkò òwò ẹrú ni. Ènìyàn ni wọ́n ń kó lọ nígbà tí ìbọn ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìwó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ìhà ẹ̀tù. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán èrò lọ sí Àjàṣẹ́ ní etí òkun láti lọ ra ohun ìjà, àwọn Ẹ̀gbá sì dá wọn lọ́nà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ojú ọ̀nà pa, ẹ̀tù ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Ní ìhà kejì, àwọn Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé jẹ́ balógun wọn, ní ọmọ wọn ní Èkó tó ń ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sí wọn. Ìbọn tí a ń ki láti ìdí ni èyí, inú ọ̀pá rẹ̀ sì ní ìlà tó ń mú ọta pòyì bó ṣe ń jáde. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn ni ìbọn àkìlẹ́nu, tí inú rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe rí: kí ọmọ ogun kan tó ki ẹ̀ẹ̀kan, ẹnìkejì ti yìn ní ìgbà mélòó kan. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ó sì di 1893 kí wọ́n tó tú ibùdó ogun ká.

Kí ló wá dé tí ìbọn tí ogun Kírìjì ti fi hàn pé ó ti di ti àtijọ́ fi wà lọ́wọ́ ọdẹ wa títí di òní? Ìpàdé kan tí àwọn òyìnbó ṣe ní Brussels ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ní 1890 wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní jẹ́ kí ìbọn onílà àti ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ kò ní fẹ́ kí onílẹ̀ ní irú ìbọn tí òun náà ní. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ kò ní ìlà, àti ẹ̀tù dúdú lásán. Ṣakabùlà ṣe kù sọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ahá kan, ahá kan

Ẹ jẹ́ kí n ki ìbọn kan lójú yín. N kò gbé ìbọn wá o, ọ̀gá ọlọ́pàá ló jókòó níwájú yìí. Ẹnu ni n ó fi kì í.

Àgbà ọdẹ a gbé ìdí ìbọn kalẹ̀, a yí ẹnu rẹ̀ kúrò ní ojú ara rẹ̀ àti ojú ẹlòmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀ wò. Bí ẹ bá wo ọ̀pá àwọn tó mọṣẹ́, ẹ ó rí i pé ó ní àmì méjì, wọ́n lè fi òwú dì í, wọ́n lè fi ọ̀bẹ fá a. Bí ọ̀pá bá wọlé dé àmì òkè, ìbọn ṣófo. Bó bá dúró ní àmì ìsàlẹ̀, ìbọn ti yó, ẹnìkan ti kì í. Àmì kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ àti ojú là, nítorí ìbọn tí a kì lórí kíkì, bíbẹ́ ló máa ń bẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀tù. Àgbà ọdẹ kì í da ẹ̀tù láti inú àdó tààrà sẹ́nu ìbọn. Ó ní ahá kékeré kan, ìṣẹ́po ọparun tàbí ìdérí ìgò, tí kì í fi wọn ohun tí kì í ṣe ti ìbọn. Yóò wọn ẹ̀tù, yóò dà á sínú ìbọn, yóò fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀tù lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ihò iná. Yóò wá ki àkísà gbígbẹ tàbí ìhá tó ti gbẹ dáadáa lé e, yóò sì máa fi ọ̀pá gún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pá á máa rì. Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí ta padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àgbà ọdẹ tó mọ̀ pé ẹ̀tù ti jókòó. Ahá kan náà ni yóò tún fi wọn ọta wẹ́wẹ́, yóò dà á lé e, yóò fi ìdènà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí kí ọta má baà ṣàn jáde bó bá dojú ìbọn kọlẹ̀. Ó wá ku kápù, ohun kékeré tí òòlù ìbọn máa lù kó lè gbiná; ìyẹn gan-an ló ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.

Ahá ẹ̀tù kan, ahá ọta kan. Bó ti wà níbí ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ṣì ń lo irú ìbọn yìí, àwọn tí kò rí wa rí, tí a kò sì rí wọn. Òjé wúwo, ẹ̀tù fúyẹ́: nínú ahá kan náà, ọta òjé máa ń wúwo tó ẹ̀tù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Ìwọ̀n yẹn ni ẹ̀tù lè tì jáde pẹ̀lú agbára láìtú u ká.

Ọ̀dọ́ ọdẹ kì í gbà. Ó rò pé bí òun bá sọ ẹ̀tù di ìlọ́po méjì, ọta òun á lọ jìnnà ní ìlọ́po méjì. Ìdí ìbọn á gbá a léjìká, á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́, ariwo á bo oko, ẹtu á sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀tù tó pọ̀ jù á fọ́n ọta ká ní kété tí wọ́n bá jáde lẹ́nu ìbọn. Dípò kí wọ́n lọ ní ìṣùpọ̀, wọ́n á fẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ, ẹran á sì gba àárín wọn kọjá. Bó bá wá jẹ́ pé ọta ló pọ̀ ju ẹ̀tù lọ, wọ́n á ṣù papọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí agbára níbẹ̀. Inú irun àti awọ ni ọta á dúró sí, ẹran tó fara gbọgbẹ́ á sì lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Àwọn àgbà ọdẹ wa kórìíra ìyẹn ju kí wọ́n tàsé lọ.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí. Ọta gbọ́dọ̀ jókòó lórí ẹ̀tù gbọnyin. Bí ọdẹ bá ń sáré, tó tì í dé ìdajì ọ̀nà, tí àlàfo wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́ níbi tí ọta dúró sí. Ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi páìpù rọ tún léwu jù, nítorí páìpù omi kò mọ̀ pé wọ́n máa dáná sínú òun.

Lẹ́yìn náà ni ti bí ẹran ṣe jìnnà tó. Ní 1742, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Robins, kọ ìwé kan lórí ọta ìbọn. Ó wọn bí ọta ṣe ń yára, ó sì rí i pé afẹ́fẹ́ ń dá ọta tó ń sáré dúró ju bí gbogbo ènìyàn ṣe rò lọ. Bí ọta bá sì ṣe kéré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń tètè borí rẹ̀. Nítorí náà, ìbọn tí inú rẹ̀ ń dán, tó ń ta ọta wẹ́wẹ́, kò ní agbára kan gbòógì lẹ́yìn ọgbọ̀n mítà. Ọdẹ kò nílò ìwé Robins kó tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa tẹ ewé gbígbẹ láìdún nìyẹn, tó fi ń kọ́ ọ láti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, láti dúró ní ẹ̀yìn igi títí ọ̀yà yóò fi jẹun dé iwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń pa ẹran, ìbọn kàn ń parí iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń pa ẹran láti òkè odò wà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn ni mo ti ń gbọ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe àwa nìkan ni ìbọn olókùúta ń yọ lẹ́nu. Nígbà tí òkúta bá ta iná, ẹ̀tù inú àwo kékeré á kọ́kọ́ kọ mọ̀nà kí ti inú ìbọn tó gbà á. Ẹyẹ orí omi tó rí ìmọ́lẹ̀ yẹn á ti rì kí ọta tó dé. Oníwàásù kan ní Scotland, Alexander Forsyth, tó fẹ́ràn ẹyẹ pípa, ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ó wá oògùn kan tí òòlù lè lù kó gbiná, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1807. Láti inú ìyẹn ni kápù ti wá. Àfáà àti pásítọ̀ tó bá jókòó síbí tó rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn kò kan òun, kó rántí Forsyth. Kó tún rántí Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó wà ní ìlú yìí: ó ti jagun rí ní Amẹ́ríkà kó tó di oníwàásù, òun náà sì wà ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí ogun Dàhómì dé ní March 1851, tí àwọn obìnrin ológun wọn ń yìnbọn àkìlẹ́nu wá sí odi.

Ìbọn tí a gé kúrú

A ti dé ibi tí mo ń lọ. Àwọn kan ń gé ṣakabùlà. Wọ́n á rẹ́ ọ̀pá rẹ̀ kù bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n á gé ìdí rẹ̀ dànù, ó di ìléwọ́. Wọ́n á ní ó rọrùn láti gbé. Ẹ jẹ́ kí a bi ìbọn náà léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀.

Ẹ̀tù dúdú nílò ọ̀pá gígùn kí gbogbo rẹ̀ tó jóná tán lẹ́yìn ọta. Nínú ọ̀pá kúkúrú, apá kan yóò jóná níta, ẹ ó rí i bí ahọ́n iná lẹ́nu ìbọn. Agbára tó dànù nìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, kò sí èjìká tó máa gba ìtapadà rẹ̀ mọ́, ọrùn ọwọ́ nìkan ni. Nítorí náà, ó di dandan kí a dín ẹ̀tù kù, kí a dín ọta kù. Ọta díẹ̀, agbára díẹ̀. Láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n ti fẹ̀ kọjá ẹran kékeré. Tó bá ti kọjá ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ariwo lásán ló kù.

Àwọn kan máa ń béèrè pé, bí a bá wá fa ìlà sínú rẹ̀ ńkọ́, bíi ti ìbọn ìgbàlódé? Ó tún burú sí i. Ìlà á mú ìdì ọta pòyì bó ṣe ń jáde, ìpòyì yẹn á sì fọ́n wọn síta yíká. Bí a bá yìn ín sára páálí, ọta á ṣe òrùka, àárín tí a dojú ìbọn kọ á ṣófo. Ìdí nìyí tí ìléwọ́ tí wọ́n ṣe fún ọta wẹ́wẹ́ fi jẹ́ èyí tí inú rẹ̀ ń dán, láti ayébáyé.

Àwọn tó tilẹ̀ ṣe ìléwọ́ nítorí ẹran wà. Ní Íńdíà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọdẹ tó bá gun erin lọ pa ẹkùn máa ń mú ìléwọ́ ńlá kan dání, olójú méjì, wọ́n ń pè é ní howdah. Kì í ṣe láti fi ṣọdẹ. Ọjọ́ tí ẹkùn bá fò mọ́ erin, tó gun òkè bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó wà fún, nígbà tí kò sí àyè láti yí ìbọn gígùn padà. Ọdẹ wa ní àdá fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìbọn àkìlẹ́nu wà, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ kan láti 1933 tí pápá rẹ̀ wà ní ìlú Friendship ní ìpínlẹ̀ Indiana. Àwọn kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ta ìléwọ́ ọta wẹ́wẹ́ sára páálí, wọ́n ń ka ihò, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Eré ni wọ́n fi ń ṣe, àwọn gan-an sì gbà pé kò wúlò kọjá ìtòsí.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ àwọn ará ilé wa wàyí. Kí ni ènìyàn fẹ́ pa tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà, tó sì gbọ́dọ̀ fi ìbọn pamọ́ sábẹ́ agbádá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀yà.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun? Òfin Nàìjíríà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù wà ní ìpín kẹta tó rọ̀ jù, wọ́n sì nílò ìwé àṣẹ síbẹ̀. Ìbọn ọdẹ oníkàtíríìjì wà ní ìpín kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ló ń fún ni láṣẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìléwọ́, ìbáà ní ìlà nínú, ìbáà máà ní, títí kan ìléwọ́ olókùúta àti ti oníkápù, inú ìpín kìíní ni wọ́n fi wọ́n sí, níbi tí ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù wà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni láṣẹ ibẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: irin kan náà, ẹ̀tù kan náà. Ayùn ni ó gbé e láti ìpín kẹta lọ sí ìpín kìíní. Ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ lówùúrọ̀, tó gé ìbọn rẹ̀ lọ́sàn-án, arúfin ni lálẹ́. Ó sì yẹ kí àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ojú ìlú ti wà lára ọdẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbọn gígùn tó hàn léjìká ọdẹ, gbogbo ènìyàn mọ ohun tó wà fún. Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ, a kò mọ̀ ọ́n.

Ọta tó kù nínú ọbẹ̀

Díẹ̀ ni n ó sọ lórí èyí, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ní 1782, ọkùnrin kan ní Bristol, William Watts, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tó fi ń ṣe ọta wẹ́wẹ́: ó yọ́ òjé, ó dà á gba inú asẹ́ láti òkè ilé gíga sínú omi nísàlẹ̀. Bí ẹ̀kán òjé ṣe ń já bọ̀ ni ó ń ṣe roboto. Ọta roboto ń lọ tààrà. Wẹ́wẹ́ irin tí ọdẹ wa ń ké kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń họ inú ìbọn, ó sì ń gba ibi tó wù ú. Nítorí náà ni àwọn ọdẹ fi fẹ́ràn òjé.

Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé. Ní 2010, ní Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà. Ọta inú ẹran kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìdí tí a ó fi sè é fún ọmọ. Láti 1991 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de ọta òjé fún pípa pẹ́pẹ́yẹ inú omi. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹ gé ibi tí ọta wọ̀ kúrò fẹ̀ẹ̀, ẹ má kàn fi ìka yọ ọta. Bí ọdẹ bá ní ìṣù ẹran lẹ ń jù nù, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹ jẹ́ kó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹgbẹ́ ọdẹ kí n tó jókòó. Kí àwọn àgbà tó wọn ẹ̀tù láti èwe mú àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ibi tó ṣófo, pẹ̀lú ìmọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n gbé páálí kọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yin ìbọn rẹ̀ láti ogún ìṣísẹ̀. Kí wọ́n ka ihò. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n ahá ìbọn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹgbẹ́, nítorí kò sí ìbọn méjì tí alágbẹ̀dẹ rọ tó jọra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ físíìsì lè bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

   Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níbí. Bó bá ju agbára mi lọ, Olúọdẹ ló jókòó sí ọ̀tún mi yìí, kí ẹ bi wọ́n.